Egúngún nínú fáìlì: níbo la ti ń wá a, báwo la sì ṣe ń kà á?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Egúngún ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, láti nǹkan bí 1850 sí 1960, ni iṣẹ́ oyè kejì mi dá lé. Ohùn àwọn àgbà ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n alábòójútó mi ní kí n wá àkọsílẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní, fóònù ni kámẹ́rà mi, owó àtilọ sí òkè òkun kò sí. Fáìlì wo ni kí n kọ́kọ́ béèrè? Kí la lè rí láìkúrò nílé? Ẹbí kan sì ní káséètì àti fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn tọ́jú, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Apótí Ìwé
Ẹ ǹlẹ́ o, Ọmọ Ìṣẹ́yìn. National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Enúgu àti Kàdúná náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn ló kó ìwé ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Yorùbá mọ́ra. Ẹ mú lẹ́tà tí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín fọwọ́ sí dání, kó sì dárúkọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀dà rẹ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ẹ̀dà wà. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ ti gbọ́ iye rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá.

Kí ẹ tó béèrè fáìlì kankan, ẹ jókòó ti ìwé atọ́nà. Bí ọ́fíìsì tó ni ìwé ṣe tò ni wọ́n ṣe to ìwé atọ́nà, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ inú ìwé ṣe tò. CSO 26 ni ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba. Oyo Prof ni ti Rẹ́sídẹ́ǹtì, òyìnbó tó jẹ́ olórí ẹkùn, tó wà ní Ọ̀yọ́. Iba Div ni ti ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ẹ rántí pé títí di 1934, abẹ́ Aláàfin ni ètò ìjọba fi Ìbàdàn sí, torí náà ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ìgbà náà pọ̀ nínú Oyo Prof. Ẹni tó bá yẹ Iba Div nìkan wò yóò pàdánù ìdajì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á wá "egúngún" nínú ìwé atọ́nà, wọn ò ní rí i, wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Egúngún kì í fi orúkọ ara rẹ̀ wọ fáìlì. Ìjà ló ń gbé e wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn egúngún méjì pàdé lójú ọ̀nà, igi fọ́ mọ́ orí. Ẹjọ́ oyè Alágbàáà, olórí awo egúngún, délé Rẹ́sídẹ́ǹtì. Onígbàgbọ́ kan kọ̀wé pé wọ́n na òun ní àtòrì. Ọlọ́jà ń ráhùn pé ọjọ́ tí Olóòlù, egúngún Ìbàdàn kan, ń jáde, obìnrin kò lè ná ọjà. Torí náà, èdè òyìnbó tí akọ̀wé ọ́fíìsì fi ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá: "masquerade", "juju", "fetish", "festivals", "petition", "breach of the peace", "chieftaincy dispute". Fáìlì tí wọ́n kọ "Complaints" sí lára, tí ó nípọn tó bíríkì, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé, ibẹ̀ ni ẹran wà.

Ẹ ò ní ṣàì pàdé Intelligence Report. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ìhà ìlà-oòrùn dìde sí ìjọba ní 1929, òyìnbó rí i pé àwọn ò mọ bí ìlú tí àwọn ń ṣàkóso ṣe tò. Nígbà tí Donald Cameron di gómìnà ní 1931, wọ́n tẹra mọ́ kíkọ ìròyìn ìlú kọ̀ọ̀kan: ta ló tẹ̀ ẹ́ dó, ìdílé wo ló ń jọba, ta ló ń jóyè, ta ló ń gba owó orí. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń ti ẹ̀sìn sí, ojú ìwé méjì mẹ́ta, nígbà mìíràn ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ kà á. Kí ẹ sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo orúkọ àwọn tó bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ìdílé tó ń du oyè lọ́wọ́ ló bá sọ ìtàn, egúngún ìdílé náà ni yóò "kọ́kọ́ dé ìlú" nínú ìròyìn yẹn. Àfi kí ẹ rí ìwé ẹ̀bẹ̀ ìdílé kejì kí ẹ tó gbà á.

Kọ́ńdó
Pẹ́ńsù nìkan o. Bírò kì í wọ yàrá ìkàwé ákáífì. Ẹ gbẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ láti ilé.

Apótí Ìwé
Òótọ́ ni. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ àmì inú fáìlì. Yàtọ̀ sí lẹ́tà, ẹ máa rí ewé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kan kan, oníkálukú pẹ̀lú ìbuwọ́lù kúkurú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ó torí ó dà bí ìwé pélébé tí kò já mọ́ nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni òyìnbó ti ń sọ ohun tí kò lè kọ sínú lẹ́tà. "B.U." pẹ̀lú ọjọ́ níwájú: kí wọ́n gbé fáìlì náà padà wá lọ́jọ́ yẹn. "K.I.V.": kí wọ́n má gbàgbé rẹ̀. "P.A.": kí wọ́n kó o padà sí àpótí, ọ̀rọ̀ ti parí. "D.O." ni ajẹ́lẹ̀, "S.S.P." ni akọ̀wé àwọn ẹkùn gúúsù. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan bá gba "P.A." ní ọjọ́ kejì tó dé, ẹ ti mọ̀ pé wọn ò dá wọn lóhùn, bó ti wù kí èsì tó wà níwájú dùn tó.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà nílò ojú. Akọ̀wé tí wọ́n sanwó fún ló kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gbólóhùn bíi "your humble petitioners" ti akọ̀wé ni. Orúkọ egúngún, orúkọ agboolé, iye owó tí wọ́n ní wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn, àti àmì ìtẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀, ti ẹlẹ́bẹ̀ nìyẹn. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yín.

Asọ̀rọ̀má-bo
Ìwé òyìnbó, irọ́ òyìnbó. Àwọn tó ni egúngún ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bá wọn.

Ìyá Oníwèé
Bọ̀dá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti lọ bá wọn. Àgbà á sọ pé "nígbà Baṣọ̀run báyìí" tàbí "kí ọkọ̀ ojú irin tó dé". Ìwé á fún yín ní ọjọ́ Tuesday, oṣù kẹfà. Ìwé kò mọ oríkì, àgbà kò mọ ọjọ́. Ẹ fi wọ́n lura.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, fún ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ìjọba amúnisìn tó wọlé, ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ni. Cadbury Research Library ní Yunifásítì Birmingham ni ojúlówó rẹ̀ wà. CA2 ni àmì Míṣọ̀n Yorùbá títí di 1880. G3 A2 ló tẹ̀ lé e. Lábẹ́ CA2, lẹ́tà O ni ìwé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé á-bí-dí orúkọ ìdílé. O31 ni Crowther. O49 ni David Hinderer, tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní 1853. O58 ni Samuel Johnson, òun náà tó kọ ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí kò jáde ní títẹ̀ àfi ní 1921. O85 ni Townsend. Fún agbègbè yín, ẹ fi Hinderer àti Johnson ṣíwájú. Owó ìrìn-àjò kò pọn dandan: wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀ sí máíkúrófíìmù, àwọn yunifásítì kan sì ra á. Ẹ bi ẹni tó ń bójú tó ìwé Áfíríkà ní ilé ìkàwé yín, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á ń ṣiṣẹ́, torí òun gan-an ló ń bàjẹ́.

Ìwé ojoojúmọ́ wọn ni kí ẹ fẹ́ràn ju lẹ́tà wọn lọ. Lẹ́tà ń wá owó, ìwé ojoojúmọ́ ń ka ohun tí ojú rí. Ẹ fa tábìlì kan: ọjọ́, ìlú, ta ló kọ ọ́, ṣé ó rí i fúnra rẹ̀ àbí wọ́n sọ fún un, orúkọ tó pe egúngún náà, àti kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọ "devil" tàbí "the dead man" ni kí ẹ ti dúró. Òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọmọ Yorùbá máa ń dárúkọ egúngún gan-an. Òyìnbó ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Orò. Bí wọ́n bá kọ pé àwọn obìnrin wọlé tilẹ̀kùn, tí wọ́n gbọ́ ìró lóru, Orò ló sábà máa ń jẹ́, kò kan tábìlì yín.

Ìpèlórúkọ tún ń pa èèyàn. Ẹ wá Egugun àti Agugu. Ìlú yín lè jẹ́ Isehin. Ọ̀yọ́ lè jẹ́ Eyeo, Awyaw tàbí Katunga, èyí tó kẹ́yìn yẹn sì ni Ọ̀yọ́-Ilé, kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Abẹ́òkúta ní b méjì níbi púpọ̀, Òṣogbo ní sh. Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́ Yarriba lẹ́nu àwọn àkọ́dé, ó jẹ́ Aku ní Sàró.

Láti ilé, ẹ ṣí Internet Archive tàbí HathiTrust, ẹ wá Church Missionary Intelligencer, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1849. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀bẹ olóòtú ti kọjá lára rẹ̀: wọ́n gé ohun tí kò bá ìtọrẹ mu. Ẹ fi í mọ ọjọ́ àti ènìyàn, kí ẹ tó lọ sínú CA2 fún odidi ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìwé tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ka, ẹ yọ àmì kúrò, nítorí ẹ̀rọ lè ka ọ sí o, tàbí sí 9. Ìwé Ìròhìn tí Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tó kú ní 1867, ẹ wò ó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá ló pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà Kúkurú
Bí yunifásítì yín bá ń san owó eHRAF World Cultures, àkójọ ìwé àwọn onímọ̀ àṣà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi í sílẹ̀. HRAF, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yale ní 1949, ló ni ín. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àwọn onímọ̀ àṣà ni wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́. FF62 ni Yorùbá. Ẹ fi 769, ìsìn òkú, ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ fi 796 kún un fún ayẹyẹ, 535 fún ijó, 764 fún ìsìnkú. Wákàtí kan péré, ẹ ti ní ìpínrọ̀ tó pọ̀ níwájú yín pẹ̀lú ojú ìwé wọn.

Ohun tó ń dà á rú: ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n yàn ló wà nínú rẹ̀. Bí 769 kò bá mú nǹkan wá nípa ìlú kan, ìyẹn kò fi hàn pé ìlú náà kò ní egúngún. Kí ẹ sì ṣí odidi ojú ìwé kí ẹ tó fa ọ̀rọ̀ yọ; ìpínrọ̀ tó dá dúró ti sọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ mọ́ Ọ̀yọ́.

Ìyá Oníwèé
Ìyẹn kan gan-an. William Bascom, onímọ̀ àṣà ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ìwé rẹ̀ wà ní Bancroft Library ní Berkeley. Ifẹ̀ ni, kì í ṣe Ọ̀yọ́. Ẹ kà á fún ìfiwéra.

Ará Salvador
Ẹ kú ìjókòó o. Bí orí kan nínú iṣẹ́ yín bá fẹ́ kàn wá níhìn-ín: egúngún wà ní erékùṣù Itaparica títí di òní, Babá Egum ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá nínú ìwé Potogí ni "egum" àti "nagô". Ní Kúbà, "egún" àti "lucumí". Nagô àti lucumí ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tó bá wá "Yoruba" nínú ìwé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní Bàhíà máa padà lọ́wọ́ òfo.

Fundação Pierre Verger níbí ní Salvador ní nẹ́gátíìfù tó tó 62,000. Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé, ya àwòrán ní Bàhíà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà. Ẹ lè wo ọ̀pọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú iṣẹ́. Ní Arquivo Público do Estado da Bahia, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ Malê ti 1835 ló lókìkí jù. Musulumi ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lé, egúngún kò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹ máa rí bí àwọn nagô ṣe ń pe ara wọn níwájú adájọ́. Fún Kúbà, ìwé Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ará Kúbà, wà ní Cuban Heritage Collection, Yunifásítì Miami.

Gbohùngbohùn
Ará Salvador ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, gba ohùn sílẹ̀ ní Bàhíà ní 1940 sí 1941, lára àwọn tó gbà á lẹ́nu wọn ni Martiniano do Bonfim tó kàwé ní Èkó. Archives of Traditional Music ní Yunifásítì Indiana ló ní àwọn ohùn náà. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ dárúkọ àkójọ náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó bá kàn béèrè "orin Yorùbá" ni wọ́n máa dá lóhùn pẹ̀lú ìwé atọ́nà ojú ewé ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rọ̀ káséètì ẹbí náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí ẹ tó ti káséètì kankan bọ ẹ̀rọ, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ lókè, ihò kékeré méjì wà níbi tí èèkánná ike kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ ṣẹ́ ike méjèèjì. Bí ẹ bá ti ṣẹ́ wọn, kò sí ọmọ tó lè ṣèèṣì gba orin fújì lé ohùn bàbá lórí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí téèpù ti hàn: ìrọ̀rí kékeré kan wà lórí irin pélébé. Bí ó bá ti jábọ́, ohùn á máa lọ á máa bọ̀, kì í ṣe pé téèpù bàjẹ́. Ẹ lè gba ìrọ̀rí inú káséètì òfìfo fi dípò. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun létí téèpù, ebu ni. Ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ, yóò kó ran káséètì yòókù. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n nù.

Èyí tó bá mọ́: ẹ yí i síwájú dé òpin, ẹ yí i padà, kó tó di pé ẹ gbọ́ ọ. Téèpù tó ti jókòó fún ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ lẹ́yìn káséètì kọ̀ọ̀kan. Wáyà ni kí ẹ fi so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, láti ojú line out. Ẹ má gbé fóònù síwájú gbohùngbohùn kí ẹ ní ẹ ti gbà á. Àkùkọ àdúgbò á wọ inú ìwì, ewì egúngún. Ẹ fi pamọ́ bíi WAV, bíìtì 24, kìlóhẹ́ẹ̀tì 48 ó kéré tán, 96 ló dára jù. Káséètì wákàtí kan ní 48 máa gba nǹkan bíi gígábáìtì kan. Ẹ má yọ ariwo kúrò nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. MP3 fún gbígbọ́ lásán ni. Káséètì oníwákàtí méjì ni kí ẹ bẹ̀rù jù, téèpù rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń wé mọ́ irin. Ẹ gba òun kẹ́yìn, nígbà tí ọwọ́ yín bá ti já gaara.

Kọ́ńdó
Ẹ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò. Lámínéètì ti ba ilé jẹ́.

Ìyá Oníwèé
Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má lámínéètì fọ́tò àtijọ́ tàbí ìwé kankan. Iná ẹ̀rọ náà ń jó o, ike sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ayé, kò ṣe é yọ. Sẹ́lótéèpù ń pọ́n, ó ń jẹ ìwé. Píìnì ń dípẹtà, ẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ fi bébà funfun dè wọ́n. Ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, létí, láìtẹ̀ ẹ́. Bírò á yọ síwájú. Fíìmù tó bá ń rùn bíi fínígà ti ń kú lọ, òórùn náà sì ń ran èyí tó wà nítòsí rẹ̀, ẹ yà á kúrò, ẹ sì tètè dà á kọ.

Orí ilẹ̀ ni ikán ti ń gùn wá. Àpótí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ògiri. Bí kòkòrò bá ti wọ ìwé, àwọn ilé ìpamọ́ máa ń dì í sí ọ̀rá, wọ́n á fi sí fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lọ́dọ̀ wa, iná mànàmáná á lọ lọ́jọ́ kejì, yìnyín á yọ́, omi á wọ ìwé. Ẹ má dán an wò láìní jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ẹ fi búrọ́ṣì rírọ̀ gbá a lóde, lábẹ́ òjìji, kó tó wọ àpótí.

Tọ́ọ̀ṣì
Fóònù tó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gbà kí èèyàn ya àwòrán, torí níbi kan owó ẹ̀dà ni wọ́n ń gbà dípò. Ẹ pa fláàṣì. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ kó wá láti apá òsì, kí òjìji ọwọ́ yín má bọ́ sórí ìwé. Àwòrán àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìn fáìlì pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kì í ṣe ewé kìn-ín-ní. Ẹ ya nọ́ńbà ewé tó wà ní igun òkè wọ inú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ewé tí kò ní nǹkan lẹ́yìn, ẹ yà á náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa bi ara yín lóṣù mẹ́fà sí i bóyá ẹ fò ó.

Ewé mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan ni ìṣirò tó ṣeé gbé. Fáìlì ewé igba yóò gba wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún àwòrán lè gba gígábáìtì mẹ́rin. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ yí orúkọ wọn padà: NAI (National Archives Ìbàdàn), ẹ̀ka, nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà ewé. Àwòrán tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ IMG ní ìparí ọ̀sẹ̀ kì í ní bàbá mọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan níbòmíràn tí olè ilé kò lè gbé.

Ọmọ Ìgbàlẹ̀
Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ awo. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú téèpù ni kí ẹ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwì tí wọ́n ń pè lójú agbo, kò sí ewu ńlá níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nínú ìgbàlẹ̀, àti ètò bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀kú, ìyẹn ní ẹni tó ni ín. Lọ sọ́dọ̀ Alágbàáà àti olórí ẹbí kó tó di pé ẹ dà á kọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ ní Yorùbá: èyí tí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, èyí tó jẹ́ ti ẹbí, èyí tí ẹ máa dá padà láì dà á kọ. Ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí, lórí ohun tí wọ́n lè lò nílé wọn. Ẹ béèrè pé ta ni yóò máa fúnni láṣẹ bí olórí ẹbí bá papòdà. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Asọ̀rọ̀má-bo
Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹrù Ọkọ̀
Láti fi kún un díẹ̀: The National Archives ní Kew, Lọ́ńdọ̀nù. CO 147 ni lẹ́tà Èkó láti 1861 sí 1906, CO 583 ni Nàìjíríà láti 1912, FO 84 ni ti àwọn kọ́ńsù ṣáájú 1861. Kátálọ́ọ̀gù wọn ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, káàdì òǹkàwé kò ná wọn ní kọ́bọ̀, wọ́n sì lè fi fóònù ya ìwé. Ẹ kàn fi nọ́ńbà pípé ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ìhà Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, Porto-Novo ni ákáífì Bẹ̀nẹ̀ wà, Faransé ni ìwé ibẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ìyá mi. Mo ti rí nọ́ńbà Intelligence Report kan nínú CSO 26, wọ́n dá ìwé ìbéèrè padà pé fáìlì kò sí lórí pẹpẹ. Ṣé ó parí síbẹ̀?

Apótí Ìwé
Kò tíì parí. Ìwé kábọ̀n ni wọ́n fi ń tẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀: ọ̀kan lọ sí Èkó, ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ Rẹ́sídẹ́ǹtì, ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀. Ẹ wá orúkọ ìlú náà nínú Oyo Prof, ní ọdún kan náà àti ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, torí ìgbà tí ìjọba bá fọwọ́ sí i ni ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ máa ń ṣí fáìlì tuntun. Bí kò bá sí, ẹ wá a nínú ìwé ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ agbègbè náà. Ẹ wò ó bóyá fáìlì tí wọ́n wá ní "Vol. II", ó lè jẹ́ pé Vol. I nìkan ni òṣìṣẹ́ wò. Kí ẹ tún kọ ìwé ìbéèrè náà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, ní àárọ̀ kùtù, torí fáìlì tó wà lórí tábìlì òǹkàwé mìíràn ní ọ̀sán náà ni wọ́n máa ń sọ pé kò sí. Ẹ̀dà ọwọ́ ajẹ́lẹ̀ ló sì dùn jù bí ẹ bá rí i: etí rẹ̀ ni àwọn tó jẹ ajẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fi pẹ́ńsù kọ pé "kì í ṣe bẹ́ẹ̀".